Ibà Inú Wàrà

Ọwọ́ ọkùnrin kan ni Hameedah kọ́kọ́ rí. Ọwọ́ gígùn ni, ó ká apá ẹ̀wù dé ìgunpá, ó sì gbé agbọ̀n kékeré kan sókè láti inú ìkòkò. Omi funfun ń ṣàn láti ìdí agbọ̀n náà, ooru ń rú lára rẹ̀ nínú òtútù òwúrọ̀ Sátidé. Ó dì í mú jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń gbé ọmọ tuntun jáde nínú omi ìwẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òórùn wàrà kan Hameedah nímú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kọ̀, kò lè lọ mọ́.

Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Alhaja Mìsítúrà, ní Rye Lane, ló dúró sí. Isu ló wá rà. Ìyá rẹ̀ ń retí rẹ̀ ní Nunhead. Ṣùgbọ́n òórùn wàrà tó ń hó lórí iná ti gbé e kúrò ní Peckham, ó ti gbé e dé ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀, níbi tí àwọn obìnrin Fúlàní ti máa ń sọ igbá kalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́, tí wọ́n á máa pe ìyá rẹ̀ lórúkọ. Ọdún mẹ́rìndínlógún rèé tí kò ti gbóòórùn rẹ̀.

"Tí ẹ bá máa wọlé, ẹ wọlé," ọkùnrin náà wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Tí ẹ bá máa lọ, ẹ bá mi pa ilẹ̀kùn dé. Òtútù yìí kì í jẹ́ kó dì dáadáa."

Hameedah wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé. "Ẹ má bínú. Ó pẹ́ tí mo ti rí i ni."

Ọkùnrin náà wá wò ó wàyí. Ó gé wàrà díẹ̀, ó fi lé orí ìwé, ó nà án sí i. "Nílé, ewé bọmubọ́mù ni wọ́n fi ń mú un dì. Níbí, ọsàn wẹ́wẹ́ ni mò ń fún sí i. Ẹ tọ́ ọ wò, kí ẹ sọ òótọ́ fún mi."

Hameedah fi sẹ́nu. Ó yára kọjú sí ògiri, ó ń ṣe bí ẹni tó ń ka orúkọ tó wà lára àpò ìrẹsì.

"Ó dùn?"

"Kò dùn tó tilé."

"Ẹ ṣeun. Alhaja Mìsítúrà máa ń purọ́ fún mi ní tiwọn."

Ẹ̀rín pa Hameedah, omijé tó ti ń múra àtijábọ́ sì padà sẹ́yìn. Yaqub ni ọkùnrin náà ń jẹ́. Bọ́ọ̀sì 78 ló ń wà láàárín ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni Alhaja máa ń yá a ní ilé ìdáná ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó bi Hameedah pé ọmọ ibo ni. Hameedah ní ọmọ Ṣakí ni òun. Yaqub ní Ṣakí ni òun náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwa tí a wà lókè òkun ṣe máa ń wí: ìlú ńlá tí gbogbo èèyàn mọ̀ là ń dárúkọ, a kì í dárúkọ abúlé tí a ti wá gan-an.

Láti ọ̀sẹ̀ náà ni Hameedah ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí bọ́ọ̀sì kọjá. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Deptford ló ti ń ṣiṣẹ́, ó máa ń ran àwọn ọmọ tí ìwé kíkà le fún lọ́wọ́. Tó bá ti padà dé Peckham nírọ̀lẹ́, ọ̀kan á dé, kò ní wọ̀ ọ́. Òmíràn á dé, kò ní wọ̀ ọ́. Títí tí yóò fi rí ojú Yaqub lẹ́yìn gíláàsì. Wọn kì í sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, iṣẹ́ kò gba bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Nunhead ni 78 ń parí sí, ìṣẹ́jú mẹ́jọ sì wà kó tó tún gbéra.

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ náà ni ìfẹ́ wọn fi dàgbà.

"Fúlàní ni mí o," Yaqub wí lọ́jọ́ kẹta. "Kí o má sọ pé mi ò tètè sọ."

"Ṣé mo bi ọ́ ni? Yorùbá rẹ jinlẹ̀ ju tèmi lọ."

"Kò ní ṣàì jinlẹ̀. Tìẹ, London ti fọ̀ ọ́. O máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fi kẹ́ẹ̀kì sẹ́nu. Kí ni oríkì rẹ?"

"Àwẹ̀ró."

"Àwẹ̀ró," ó tún un pè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó sì pè é dáadáa. Bàbá rẹ̀ nìkan ló ti fi orúkọ yẹn pè é rí. Láti ọjọ́ náà, Yaqub kò tún pè é ní Hameedah mọ́ àfi tí ọ̀rọ̀ bá le.

Kò sọ nípa rẹ̀ nílé. Nínú ilé wọn, ẹnikẹ́ni kì í ra mílíìkì. Tíì dúdú ni ìyá rẹ̀, Àsúmáù, ń mu. Bí aládùúgbò bá fẹ́ da mílíìkì sí i fún un, á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ife. Hameedah mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, ibà kan wọ ìlú wọn, ó mú àwọn tó ń mu wàrà. Bàbá rẹ̀, Sherifdeen télọ̀, tó máa ń rán aṣọ ọdún fún ìdajì ìlú, bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì dáṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan ààbọ̀. Wọ́n ní májèlé ni obìnrin oníwàrà kan fi sí i. Ohun tí Hameedah mọ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tó bá dun ìyá, ọmọ kì í tú u.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dé, wọ́n jókòó sórí koríko ní Peckham Rye. Hameedah ń sọ̀rọ̀ ilé, ó ń sọ nípa igi ńlá tí gbogbo ọmọdé ìlú máa ń sá lọ sábẹ́ rẹ̀ tí oòrùn bá mú.

"Kì í ṣe Ṣakí gan-an ni wá," ó wí. "Ìdí-Apá ni. Ó kéré, o ò lè mọ̀ ọ́n. Bàbá mi ni télọ̀ ibẹ̀."

Ọwọ́ Yaqub tó ń fa koríko tu dúró. "Mo mọ̀ ọ́n," ó wí. Kò tún sọ nǹkan mìíràn títí wọ́n fi dìde. Hameedah rò pé àárò ilé ló ń sọ ọ́, bó ti máa ń sọ òun náà.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó ní òun fẹ́ wá kí ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì ọjọ́ Sunday ló dé, pẹ̀lú fìlà tuntun àti ọsàn nínú ọ̀rá. Ó dọ̀bálẹ̀. Àsúmáù rẹ́rìn-ín sí i, nítorí ojú ọmọ náà tutù. Ó ní kó jókòó. Ó bi í bí òbí ti í bi ọmọ tó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀.

"Ta ni bàbá rẹ?"

"Bello ni wọ́n ń jẹ́, Mummy. Wọ́n ti kú. Ìyá mi wà láyé, Hawáù lorúkọ wọn." Yaqub gbé itọ́ mì. "Gáà àwa Fúlàní tó wà lódìkejì odò Ìdí-Apá la gbé nígbà náà."

Nísàlẹ̀, ẹnì kan ti ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Hawáù oníwàrà," Àsúmáù wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O sì mọ ẹni tí mo jẹ́."

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti mọ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Àsúmáù kò pariwo. Ì bá tilẹ̀ pariwo ni, ì bá sàn. "Ìyá rẹ ló fún ọkọ mi ní ikú mu. Oyún oṣù márùn-ún tó wà nínú mi bá a lọ. Mi ò ní bú ọ, nítorí ọmọ ọlọ́mọ ni ọ́. Ṣùgbọ́n dìde nínú ilé mi."

Yaqub dìde. Hameedah bá a dé ẹnu géètì.

"O mọ̀," ó wí. "Ọ̀sẹ̀ méjì, o jókòó tì mí, o mọ̀."

"Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé tí o bá gbọ́, o máa lọ."

"O ò jẹ́ kí n yàn, Yaqub. O fi mí jókòó síbẹ̀ bí àlejò nínú ilé ìyá mi."

Yaqub wo ilẹ̀, ó tún gbójú sókè. "Hameedah, kì í ṣe májèlé. Lọ́dún yẹn, oyún ń bàjẹ́ lára gbogbo màlúù wa. Òkú ọmọ ni wọ́n ń bí. Ẹran ló ń ṣàìsàn kó tó kan èèyàn."

Hameedah ti géètì.

Láti ìgbà náà, ó ń fẹsẹ̀ rìn láti Peckham lọ sí Nunhead, nínú òjò, nínú atẹ́gùn. Tó bá ti rí nọ́mbà 78 lókèèrè, á yà sí ojú ọ̀nà mìíràn. Kò dá Sátidé mọ̀ yàtọ̀ sí Tuesday mọ́.

Nígbà tí òtútù Oṣù Kọkànlá wọlé, ó ṣàkíyèsí pé bẹ́ẹ̀dì ìyá òun máa ń rin fún òógùn láàárọ̀. Lójoojúmọ́ tí ìrọ̀lẹ́ bá ń lẹ́, ara Àsúmáù á gbóná, á da ìbora méjì bora, á ní nǹkan kan ò ṣe òun. Ìdí rẹ̀ ń dùn ún débi pé ó ń di ògiri mú kó tó lè dìde. Wọ́n lọ rí dókítà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn dókítà ní ọjọ́ orí ni, wọ́n ní oríkèé ríro ni, wọ́n fún un ní oògùn ara ríro.

"Mummy, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" Hameedah bi í lọ́jọ́ kan tó ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

Àsúmáù wo ojú fèrèsé. "Kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ó máa ń lọ, ó máa ń bọ̀. Tó bá lọ, ó lè tó ọdún mẹ́ta. Ibà bàbá rẹ ni. Ó mú un lọ, ó ní òun á padà wá mú èmi náà."

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Hameedah. Ọ̀rọ̀ tí Yaqub sọ lẹ́nu géètì padà wá sí etí rẹ̀. Ó wọ kóòtù, ó lọ sí ibùdó tí 78 ń parí sí. Ó dúró kí 78 mẹ́rin kọjá kó tó rí i. Yaqub náà rí i, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀kalẹ̀.

"Kì í ṣe tìtorí ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì ni mo ṣe wá," Hameedah wí.

"Mo gbọ́."

"Ìyá mi ń ṣàìsàn."

Ojú Yaqub yí padà. "Báwo ló ṣe ń ṣe wọ́n?"

Ó sọ ọ́. Yaqub bi í léèrè bí ẹni tó ti béèrè rí: ṣé ìrọ̀lẹ́ ni ibà náà ń dé? Ṣé ó ń lọ tó ń bọ̀? Ṣé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni? Nígbà tí Hameedah dáhùn tán, Yaqub yọ bírò, ó kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan sẹ́yìn ìwé iṣẹ́ rẹ̀, ó ya á fún un.

"Lẹ́yìn tí a kúrò ní Ìdí-Apá ni mo lọ kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí n lè mọ ohun tó ṣe wá. Orúkọ rẹ̀ nìyí. Ó máa ń wà lára màlúù, ó máa ń bá wàrà tí wọn ò sè wọ ara èèyàn, ó sì lè sá pamọ́ sínú egungun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Dókítà ibí kì í rí i, kò lè wá sí wọn lọ́kàn. Sọ fún wọn pé ìyá rẹ ti bá màlúù gbé, pé wọ́n mu wàrà tútù. Ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún èyí."

"Ó ní oògùn?"

"Ó ní. Nígbà yẹn náà, ó ní. Kò sẹ́ni tó mú un dé ọ̀dọ̀ wa ni." Ó bojú wo aago. "Ó yá kí n gbéra, Àwẹ̀ró. Lọ, má fi falẹ̀."

Dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Evelyn ló gba ìwé náà. Ó kà á, ó tún bojú wo Àsúmáù bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó pè wọ́n padà: òun náà ni. Oògùn oríṣi méjì, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Hameedah ń túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ gbólóhùn sí gbólóhùn, pé kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan sínú wàrà náà, pé àìsàn ẹran ni.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Àsúmáù bi. "Bi í pé tí wọ́n bá ti sè é ńkọ́?"

Evelyn ní tí wọ́n bá ti sè é, iná á pa á, kò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Wọ́n jáde, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú ọsibítù. Níbẹ̀ ni Àsúmáù ti tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí itan, ó ń wò wọ́n.

"Hawáù máa ń sọ ọ́," ó wí. "Gbogbo àárọ̀. 'Àsúmáù, sè é, ara ẹran ò yá lọ́dún yìí.' Bàbá rẹ ni kò gbà. Ó ní wàrà tí iná bá ti kàn ti kú, kò lágbára nínú mọ́. Èmi náà gbà á gbọ́. Èmi ni mò ń bù ú fún un, tí mo sì ń mu èyí tó bá kù. Ọwọ́ mi yìí ni."

"Mummy, ẹ ò mọ̀."

"Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí Hawáù sọ. Nígbà tí bàbá rẹ kú, tí wọ́n ń wá ẹni tó pa á, mo dárúkọ Hawáù kí ẹnikẹ́ni má baà wo ọwọ́ mi. Mo sọ ọ́ títí ó fi di òótọ́ létí èmi náà."

Hameedah mú ọwọ́ náà, ó fi sí àárín tirẹ̀. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀sì ń lọ, bọ́ọ̀sì ń bọ̀.

Nígbà tó lo oògùn dé ọ̀sẹ̀ kẹrin, tí ìrọ̀lẹ́ ti ń dé tí ibà kò bá a dé mọ́, Àsúmáù ní kí wọ́n lọ pe Yaqub wá. Ọmọ náà dé, kò mọ ibi tí yóò fi ara sí. Àsúmáù ní kó jókòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un bó ti sọ ọ́ lórí bẹ́ǹṣì, kò fi ọ̀kan pamọ́.

"Ìyá rẹ ńkọ́?" ó bi í nígbà tó parí. "Báwo ni wọ́n ṣe yè é?"

"Àwa náà mu ún, Mummy. Oyún méjì ló bàjẹ́ lára wọn, èyí tó yẹ kó jẹ́ àbúrò tó tẹ̀ lé mi àti òmíràn. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú dá ọjọ́ fún wa pé ká kó kúrò. Inú igbó la gbà jáde, kí ẹnikẹ́ni má baà rí wa lójú títì. Kíṣí ni ìyá mi ń gbé báyìí."

Àsúmáù pa ojú dé. "Bá mi pè é."

Ọ̀sán gangan ni. Fóònù dún ní Kíṣí, ó dún, wọ́n gbé e. Wọ́n ń gbọ́ adìẹ tó ń ké níbẹ̀.

"Hawáù, Àsúmáù ni. Ìyàwó télọ̀."

"Mò ń gbọ́."

"Mo ṣẹ̀ ọ́."

"Mò ń gbọ́, Àsúmáù. Sọ ọ́ tán."

Ó sọ ọ́ tán. Hameedah àti Yaqub tẹjú mọ́ ilẹ̀ bí ọmọdé. Nígbà tí Àsúmáù parí, Hawáù mí kanlẹ̀.

"Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń bá ọ jà nínú ọkàn mi. Tí mo bá ń gúnyán, mò ń bá ọ jà. Tí mo bá ń kírun, mò ń bá ọ jà. Ó ti rẹ̀ mí." Wọ́n gbọ́ tó lé adìẹ. "Wọ́n ní o ní ọmọbìnrin kan tí kò jẹ́ kí ọmọ mi gbádùn. Gbé e fún mi, kí n gbọ́ ohùn rẹ̀."

Nígbà tí Hameedah sin Yaqub jáde, òjò ti dá, oòrùn tíntín yọ sórí òrùlé Nunhead.

"O ò tíì sọ pé o dárí jì mí," Yaqub wí.

"Mo ṣì ń rò ó."

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo tún máa wa bọ́ọ̀sì yìí lọ sókè sódò kí o tó rò ó tán?"

"Kò ní pẹ́. Ìwọ ṣáà máa wà á." Ẹ̀rín tó ń mú dúró bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó tún mú ojú le. "Yaqub, má tún fi nǹkan pamọ́ fún mi nítorí ẹ̀rù. Tó bá máa dùn mí, jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n kó tó dùn mí."

"Mo gbọ́. Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí ń bà mí lẹ́rù, mà á sì sọ ọ́. Mo fẹ́ fẹ́ ọ. Mi ò ní ilé, mi ò ní màlúù, yàrá kan ni mo ní ní Lewisham."

"Yàrá kan tóbi ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ," Hameedah wí.

Oṣù Kẹrin ni wọ́n so yìgì, nínú mọ́sáláṣí kékeré kan tí kò jìnnà sí Rye Lane. Uncle Mùsílíù, àbúrò bàbá Hameedah, ló dúró fún un. Nígbà tí Alfa béèrè sàdáàkì, ẹ̀bùn tí ìyàwó fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọkọ, Hameedah ti sọ ọ́ fún Uncle tẹ́lẹ̀: kí ọkọ òun mú òun àti ìyá àwọn méjèèjì lọ sí Ìdí-Apá. Alfa wo Yaqub. Yaqub ní òun gbà á.

Oṣù Kejìlá ni wọ́n lọ. Ọyẹ́ ti fẹ́, ewé ti wọ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé Hawáù ní Kíṣí. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, orí rẹ̀ ti funfun. Òun àti Àsúmáù jókòó sẹ́yìn ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ilé àkọ́kọ́ Ìdí-Apá ti bẹ̀rẹ̀, Hawáù ní kí awakọ̀ dúró. Ó ní àyà òun ń já, kí wọ́n máa lọ, òun á dúró dè wọ́n níbẹ̀.

Àsúmáù ṣí ilẹ̀kùn, ó sọ̀kalẹ̀, ó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó na ọwọ́. Hawáù wo ọwọ́ náà fún ìgbà díẹ̀ kó tó dì í mú.

Àárín títì ni wọ́n gbà, ẹsẹ̀ sí ẹsẹ̀, Yaqub àti ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Àwọn èèyàn ń jáde sí ẹnu ilé. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà dìde, ó ṣíji bojú, ó ń wò wọ́n láti òkè délẹ̀.

"Ìyá Hameedah, ẹ káàbọ̀. Ta ni ẹ mú wá yìí? Ó jọ ẹni tí mo mọ̀ rí."

Àsúmáù dúró. Ó gbé ohùn sókè kí àwọn tó wà lókèèrè lè gbọ́.

"Hawáù ni. Àna mi ni. Ẹ kí i."